Bí Misturat Ṣe Bọ́ Adúmáadán Láṣọ

Ní ilé Bàbá Ràsáàkì ní Ṣakí, ìyàwó ilé kì í gbálẹ̀ pálọ̀ kó tó kí ọkọ rẹ̀ tó wà lórí tábìlì. Ọkọ náà kò tóbi. Kò gùn ju apá ọmọdé lọ, dúdú ni, ó ń dán, ilà yẹ́lò kan sì gba ìhà rẹ̀ kọjá. Ẹ́ńjìnnì rélùwéè ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń ṣe fún àgbàlagbà tí kò tíì fẹ́ fi eré sílẹ̀, tó máa ń sáré lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí iná bá ti wọ inú irin náà. Ní àràárọ̀, Misturat á rọra kúnlẹ̀, níwọ̀n bí oyún inú rẹ̀ bá ṣe gbà á láyè, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi Adúmáadán. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Adúmáadán kì í dáhùn. Misturat a máa sọ pé nínú gbogbo ọkọ tí òun bá nílé náà, Adúmáadán nìkan ni kì í rán òun níṣẹ́.

Ẹni tó bá mọ àṣà ilé wa kò ní í fi èyí rẹ́rìn-ín jù. Ẹnikẹ́ni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, àfi kó wá orúkọ ẹ̀yẹ fún un. Ọjọ́ tí wọ́n gbé Misturat wọlé láti Ogbooro, ìyá ọkọ rẹ̀, Àwáwù, tí àwàdà rẹ̀ kò mọ ibi tí wọ́n ń dákẹ́ sí, fà á lọ́wọ́ yíká ilé, ó ń fi àwọn ọkọ rẹ̀ hàn án. Ó fi Waheedat hàn án, ọmọbìnrin tó kẹ́yìn nílé, tó ń ránṣọ ní ìta gbangba ilé wọn. Misturat sọ ọ́ ní Ìbàdíàrán lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí tábìlì, Àwáwù tọ́ka sí ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Èyí náà ti wà nílé yìí kó o tó dé. Ọkọ rẹ ni. Fún un lórúkọ." Gbogbo èrò ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Misturat kúnlẹ̀ gbàgà, ó sọ ọ́ ní Adúmáadán. Bàbá Ràsáàkì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí, ó ní ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́ nìyí.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Àwáwù fi kú. Bàbá Ràsáàkì, ẹni tó fi agbára ọ̀dọ́ rẹ̀ wa ọkọ̀ rélùwéè láti ìsàlẹ̀ dé Kano, tí ohùn rẹ̀ máa ń ji adìyẹ lójú oorun, ló wá di ẹni tó ń jókòó tó ń kọjú sí ògiri. Oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀, eṣinṣin á bá a jẹ ẹ́. Samsudeen, ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ Misturat, sọ̀rọ̀ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbé Bàbá dìde. Bí wọ́n bá ti kírun àsárì tán, á tan iná sólà, á yí bọ́tìnì, Adúmáadán á sì máa yí tábìlì po lórí irin rẹ̀, kù-kù-kù. Bàbá á fi ẹnu fọn fèrè, "Fíìììì!" Ọjọ́ tí fèrè bá ti dún, Bàbá á jẹun. Misturat kì í wulẹ̀ ro ọkà kí ó tó gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n Adúmáadán kì í ṣe ti Bàbá Ràsáàkì nìkan, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Òyìnbó kan tó ṣe ọ̀gá wọn nígbà kan ló fi í fún Bàbá àti Adégbénró, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wa rélùwéè, nígbà tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Ó ní kí wọ́n pín in. Báwo ni èèyàn méjì ṣe ń pín ẹ́ńjìnnì? Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Níkẹyìn ni wọ́n fẹnu kò pé kó wà lọ́dọ̀ Ràsáàkì ní Ṣakí, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, nígbà ọyẹ́, Adégbénró á wá láti Ìsẹ́yìn wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Bí wọ́n bá ti yí bọ́tìnì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan mọ́. Bó bá rìn yí tábìlì ká, kó dúró sílé. Bí kò bá rìn, Ìsẹ́yìn yá. Àtìgbà náà ni Adégbénró ti ń wá lọ́dọọdún, àpò òfìfo a máa wà léjìká rẹ̀, ó sì ń gbé e padà lófìfo. Bàbá Ràsáàkì a máa sìn ín dé garaaji pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọdún yìí, ọyẹ́ mú. Ètè ń bẹ́, gìgísẹ̀ ń là. Bẹ́ẹ̀ ni Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í dún, jíìn, jíìn, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò lò fún ọjọ́ pípẹ́. Misturat gbọ́ ọ, àánú ṣe é. Ọmọ olóòrí ni. Ìyá rẹ̀ ní Ogbooro, òrí ló ń ṣe tà, òrí ni wọ́n sì fi tọ́ Misturat dàgbà. Imú ọmọ dí, òrí. Eékún ń ro àgbà, òrí. Ẹsẹ̀ là, òrí. Ilẹ̀kùn ń ké, wọ́n á fi òrí ra àgbékọ́ rẹ̀, á dákẹ́. Kí ni kò ní í mú kí ó fi òrí ra ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀? Ní ọ̀sán kan tí oòrùn mú, ó yọ́ òrí díẹ̀ sínú ṣíbí, ó dà á sí ìdí àwọn wíìlì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọkọ mi." Adúmáadán sáré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láìdún pínpín. Inú Misturat dùn, ó ní òun ti rí iṣẹ́ ṣe.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọyẹ́ gbá ìlú mọ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé nílẹ̀ wa mọ ohun tí òrí ń ṣe bí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i: á dì gbagidi. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá yí bọ́tìnì. Adúmáadán kùn, "ùùùn," kò sì kúrò lójú kan. Bàbá tún un yí. "Ùùùn." Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó pa iná. Ó wá gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Mo fẹ́ kó sinmi díẹ̀! Adégbénró ń bọ̀ ní Sátidé, kò yẹ kó rẹ̀ ẹ́!"

Ta ni kò mọ̀ pé irọ́ ni? Fèrè kò dún ní ọjọ́ náà, kò dún ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Bàbá gbé e wọ yàrá lọ, ó tún gbé e jáde, ó ní òun ń fi atẹ́gùn sí i lára ni. Ó kìlọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun á fi hàn án pé òun ti wa rélùwéè rí. Ọkà tutù, ó dì nínú àwo, Bàbá sì tún kọjú sí ògiri. Ní ilé ìdáná, Misturat ń da omi lójú sínú ata. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni. Bí Adégbénró bá gbé ẹ́ńjìnnì yìí lọ, kì í ṣe ohun ìṣeré ni yóò gbé lọ, ìwọ̀nba tó kù nínú Bàbá ni.

Samsudeen ti lọ ra ọkà bàbà ní Komu, kò ní í dé títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Misturat bá lọ bá Waheedat nídìí máṣìnì rẹ̀.

"Ọkọ mi Ìbàdíàrán, ẹ gbà mí o. Mo ti pa ọkọ mi kan."

Waheedat gbé ojú sókè. "Ìyàwó, èwo nínú wa?"

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Waheedat rẹ́rìn-ín títí tí abẹ́rẹ́ fi fẹ́ gún un. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ dàrú díẹ̀, ó ní, "A máa tú u. Lọ́la Jímọ̀, bí Bàbá bá lọ sí mọ́sáláṣí."

Bàbá kò ju ìta lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n fi gbé Adúmáadán lé orí aṣọ ìnura, wọ́n sì yí ikùn rẹ̀ sókè. Wọ́n ń wá nọ́ọ̀tù tí wọn yóò fi tú u. Kò sí nọ́ọ̀tù. Wọ́n yẹ ikùn rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó dán bọ̀rọ́. Misturat ní àbí wọ́n bí i bẹ́ẹ̀ ni. Waheedat wá fídíò kan lórí fóònù, òyìnbó kan tó nírùngbọ̀n ń tú irú rẹ̀, wọ́n sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bọ́dì dúdú tó ń dán yìí, aṣọ lásán ni. Eyín kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, tó fi bu irin abẹ́ rẹ̀ jẹ. Òyìnbó yẹn ki nǹkan pẹlẹbẹ bọ àárín aṣọ àti irin, ó fẹ aṣọ náà díẹ̀díẹ̀ títí tí eyín fi ya ẹnu, ó sì fà á sókè.

"Nǹkan pẹlẹbẹ wo la ní?" ni Waheedat bi í.

Misturat mú ìdérí rọ́bà tí ìyá rẹ̀ fi ń bo òrí, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì Waheedat gé e pẹ́lẹ́bẹ́pẹ́lẹ́bẹ́. Misturat tẹ Adúmáadán mọ́ àyà, ó ki ìkíní bọ ìhà rẹ̀. "Ẹ má bínú o, ọkọ mi. Ọ̀sán gangan ni mo ń bọ́ aṣọ lára yín, ṣùgbọ́n ire yín ni mò ń wá." Ó tẹ̀ ẹ́. *Kà!* Àwọn méjèèjì dúró gbagidi, wọ́n rò pé ó ti kán. Kò kán, eyín kan ló yanu. Ó ki ìkejì bọ̀ ọ́. *Kà!* Nígbà tó kan apá òsì, Waheedat di orí mú, Misturat di ìdí, àwọn méjèèjì sì ń mí lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó ń gbẹ̀bí. *Kà! Kà!* Aṣọ yọ lára Adúmáadán, ó wà ní ìhòòhò.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde.

Wáyà wà nínú rẹ̀, irin pupa kékeré kan wà níbẹ̀, àwọn jíà tó ní eyín wínníwínní sì wà lápá iwájú àti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ta ló rí jíà? Òrí ti dì bò wọ́n bí ẹ̀kọ tó sùn. Lórí òrí, nǹkan kan tún wà tó ń ṣàn, tó ń dán.

Misturat tọ́ ọ wò lórí ìka. "Èyí kì í ṣe òrí o."

Waheedat wo òkè àjà. "Òróró máṣìnì ni," ló wí ní ohùn kékeré. "Èmi náà gbọ́ tó ń dún."

"Ẹ̀yin náà, ọkọ mi!"

"Tìrẹ ló dì. Tèmi ń ṣàn."

Wọn kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí òórùn kẹta fi kì wọ́n nímú, tó ta wọ́n lójú. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ní ibi tí wáyà gbà wọlé, nǹkan funfun kan wà tí ẹnì kan ti fi ìka tẹ̀ wọ inú ihò láti òde. Wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n wo ara wọn. Róòbù! Nínú ilé náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi róòbù pa ẹ̀yìn bó bá ń sùn. Ẹni náà kan náà ló ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Waheedat ṣubú lulẹ̀. Misturat di ikùn mú, ó ń bẹ ọmọ inú rẹ̀ pé kó má ṣe tíì jáde.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Bàbá ti dé, kò dúró tàkúrọ̀sọ ní mọ́sáláṣí bí ìṣe rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lórí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ lọ sára Adúmáadán tó wà ní ìhòòhò, ó sì fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú. "Ta ló ní kí ẹ tú u? Èmi tí mo wa ọkọ̀ rélùwéè, mo ha tú ẹ́ńjìnnì rí bí? Dírẹ́bà ń wà á, ẹni tó ń tú u ń tú u! Ẹ ti bà á jẹ́! Ẹ ti bà á jẹ́ lónìí tí ọ̀la jẹ́ Sátidé!"

Waheedat sá sẹ́yìn ìyàwó. Misturat wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyàwó kò gbọdọ̀ wo bàbá ọkọ lójú kó sọ pé ìwọ lo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àṣà tó dí ẹnu ìyàwó ní iwájú ni ó ṣí i sílẹ̀ fún un lẹ́yìn: kó bá ewúrẹ́ wí, kí onílé gbọ́. Misturat kọjú sí ẹ́ńjìnnì.

"Ọkọ mi Adúmáadán, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo fi òrí ra yín lẹ́sẹ̀, mo rò pé mo ń tọ́jú yín ni. Òróró tó wà lára yín, ọkọ mi Ìbàdíàrán ló dà á, òun náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, róòbù tó wà lẹ́yìn yín yìí, ọwọ́ ta ni kí n gbé e lé? Èmi kì í lo róòbù. Oyún inú mi kò fẹ́ òórùn rẹ̀."

Ewúrẹ́ kan ké lóde bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bá wí. Bàbá wú ikọ́.

"Ẹ̀yìn ló ń dùn ún," ló wí níkẹyìn. "Mo gbọ́ bó ṣe ń kérora." Ó bọ́ fìlà, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú wọn lórí ẹní. "Ẹ gbé karosíìnì wá, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó. Kó má kan aṣọ rẹ̀ o."

Inú Misturat dùn dé ibi pé ó gbàgbé pé òun lóyún, ó fò dìde. Wọ́n fọ̀ ọ́. Misturat ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha òrí, Waheedat ń fi ègé aṣọ nù ún, Bàbá ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n rọra, ó sì ń fi ìka tirẹ̀ yọ róòbù láìsí ẹni tó sọ pé kó yọ ọ́. Jíà kan ti ń dán, ìkejì ti ń yọjú. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ohùn kan fi dún láti ojúde.

"Ràsáàkì! Dírẹ́bà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn! Mo ní Sátidé ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń yún mi!"

Adégbénró, bàbá Ìyápọ̀, ni. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó fẹ́ ká wọn mọ́ kí wọ́n tó múra. Wọ́n gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí pèpéle. Bàbá sorí kọ́. "Ó ti parí," ló wí.

Kò parí. Misturat ti yọ ìborùn rẹ̀, ó fi bo Adúmáadán, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà kí àlejò tó wọlé. Ó kúnlẹ̀ sáàárín férémù ilẹ̀kùn, ikùn rẹ̀ sì kún ibi tó kù.

"Ẹ káàbọ̀ sà, Bàbá Ìyápọ̀. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú eruku. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa jókòó lábẹ́ mángòrò díẹ̀. Ọkọ mi ń wẹ̀ ní pálọ̀."

"Samsudeen ń wẹ̀ ní pálọ̀?"

"Ọkọ mi Adúmáadán ni, sà. Wọ́n ti bọ́ aṣọ. Kò sì yẹ kí àlejò rí wọn ní ìhòòhò."

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, Adégbénró ló pariwo jù pé ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti òun náà, nítorí náà bàbá ọkọ ìyàwó ni òun. Ó ti gba ìkúnlẹ̀ Misturat lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́dọọdún, ó sì ti jẹ adìyẹ rẹ̀ lórí rẹ̀. Kò lè sọ lónìí pé irin lásán ni. Ó kùn, ó lọ jókòó lábẹ́ mángòrò. Misturat gbé wàrà sísè fún un pẹ̀lú ata, ó tún gbé omi tútù fún un. Adégbénró ń jẹ, ó ń kígbe sí ìlẹ̀kùn: "Ṣé kò tíì fọ ẹ̀yìn ni? Ràsáàkì, bá a fi kànìnkànìn sí i!"

Nínú ilé, wọ́n ń sáré ṣe é. Wọ́n nu jíà ìkẹyìn, wọ́n gbé aṣọ lé e. Iwájú aṣọ náà àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọra bí ìbejì, àyàfi fèrèsé dírẹ́bà. Ta ló ń wo fèrèsé? Bàbá ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́," Waheedat tẹ̀ ẹ́, eyín rẹ̀ sì bu irin jẹ, kà, kà, kà, kà. Wọ́n gbé e sórí irin rẹ̀. Adégbénró ti jẹ wàrà tán, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó wẹ̀ pẹ́ ju ìyàwó lọ. Ó yá, Ràsáàkì."

Bàbá yí bọ́tìnì, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Adúmáadán kùn. Ó mì tìtì. Ó gbéra! Ó ń lọ, kù-kù-kù, bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò dún, kò kọsẹ̀. Waheedat ju ọwọ́ sókè. Bàbá ti su ẹnu jọ láti fọn fèrè.

Adégbénró bẹ̀rẹ̀, ó ki ojú bọ ẹ̀gbẹ́ tábìlì. "Ràsáàkì," ló wí jẹ́jẹ́, "níbo ni dírẹ́bà rẹ kọjú sí?"

Gbogbo wọn wò ó. Fèrèsé dírẹ́bà wà lẹ́yìn. Òdì ni wọ́n wọ aṣọ fún un. Adúmáadán ń fi ẹ̀yìn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tó fi yí tábìlì ká.

"Ó yí tábìlì ká!" ni Waheedat kígbe.

"Ó fi ẹ̀yìn yí i ká. Ràsáàkì, ìwọ nìkan ni mò ń bi. Dírẹ́bà wo lo mọ̀ tó fi ẹ̀yìn wa èrò dé Kano?"

Ẹlòmíràn á jiyàn. Bàbá Ràsáàkì náà lè jiyàn, ẹnu rẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe títí ewú fi bò ó, kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó pa iná. "Òótọ́ lo sọ," ló wí. "Kò rìn."

Adégbénró gbé Adúmáadán, ó fi aṣọ ìnura wé e, ó gbé e sínú àpò rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ibi tó ti rò pé yóò dé. Bàbá ti lọ jókòó, ó ti kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bó ṣe rí ní ọjọ́ tí wọ́n sin Àwáwù. Misturat rí i, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó wọ yàrá.

Nígbà tó jáde, báàgì ńlá kan wà lórí rẹ̀, ẹní wà lábẹ́ apá rẹ̀, ike òrí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ kejì. Ó ti lọ́ ìborùn mọ́ ìdí.

"Mo ti ṣetán, sà," ló wí fún Adégbénró.

"O ti ṣetán kí ni?"

"Ibi tí ọkọ bá lọ, ibẹ̀ ni aya ń lọ, sà. Wọ́n kò kọ̀ mí sílẹ̀, n kò sì ṣẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá kó lọ sí Ìsẹ́yìn, Ìsẹ́yìn ni mo ń gbé nìyẹn."

Adégbénró rẹ́rìn-ín. Misturat kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sí ojúde, ó sì pe ọlọ́kadà kan tó ń kọjá. Ibẹ̀ ni Waheedat ti rí ọ̀nà tirẹ̀. Ó ká ọwọ́ lérí, ó fi igbe ta: "Yéè! Ìyàwó wa ń lọ o! Bàbá Ìyápọ̀ ń mú ìyàwó wa lọ o! Tòun toyún o!" Orí ń yọ lójú fèrèsé àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọbìnrin, dákẹ́!" ni Adégbénró sọ. Òógùn ti yọ níwájú orí rẹ̀ nínú ọyẹ́. "Ìyàwó, gbọ́ mi. Bí a bá sọ̀ ní garaaji Ìsẹ́yìn, tí àwọn ahunṣọ rí mi pẹ̀lú obìnrin tó lóyún, kí ni mo fẹ́ wí? Ìyá Ìyápọ̀ á ti gbọ́ kí n tó dé ilé! Bó bá bi ọ́ pé oyún ta ni, kí lo máa sọ?"

Misturat rò ó díẹ̀. "N kò ní í purọ́ fún àgbà, sà. Mà á ní ti ọkọ mi ni. Bí wọ́n bá bi mí pé níbo ni ọkọ mi wà, mà á ní ó wà lọ́wọ́ yín, sà."

Adégbénró wo ojú ọ̀run. Ó wo àwọn orí tó wà lójú fèrèsé. Ó rántí Ìyá Ìyápọ̀ àti orógùn rẹ̀ tó fi ń ro ọkà. Ó padà wọlé kíákíá ju bí ó ti jáde lọ, ó yọ Adúmáadán nínú àpò, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. "Ràsáàkì, gba ọkọ ìyàwó yìí lọ́wọ́ mi. N kò ṣe mọ́. Wọ́n fún wa pé ká pín in ni, kì í ṣe pé kó wá tú ilé mi ká! Lọ́dún tó ń bọ̀, kó kọjú síwájú." Ó bèèrè bóyá wàrà kù, ó gba ọ̀kan sọ́wọ́, ó sì gun ọ̀kadà tí Misturat ti pè sílẹ̀.

Ẹ̀rín gba ilé. Waheedat ń sín Adégbénró jẹ, ó ń nu òógùn iwájú orí, ó ń wo ojú ọ̀run. Misturat padà wọlé, ó fara ti ògiri, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀, báàgì ṣì wà lórí rẹ̀. Ó yíjú sí Bàbá kí àwọn jọ rẹ́rìn-ín.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde kúrò lórí àga, kò sì wo ẹ́ńjìnnì tó wà lórí tábìlì rárá. Báàgì náà ló ń wò.

"Sọ ọ́ kalẹ̀," ló wí.

Misturat sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé eré ni," ni Bàbá wí. "N kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí báàgì lórí rẹ, àyà mi já, n kò rántí ẹ́ńjìnnì mọ́. Bí Adégbénró bá ń gbé e lọ, kó máa gbé e lọ, irin ni. Ìwọ ni kí o má tún di ẹrù lójú mi mọ́, Misturat. Kódà kó jẹ́ eré."

Kò pè é lórúkọ rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà. Misturat kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì, ó fa síìpù rẹ̀ títí dé ìparí, ó sì fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde níwájú Bàbá, ìrọ̀rí méjì àti aṣọ ìkélé kan tó ti ya, kí Bàbá lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí ìró kan, kò sí bùbá kan níbẹ̀.

"Ẹ wò ó, Bàbá," ló wí. "N kò kó nǹkan kan."